Nígbà Tí Ẹnu Àrọ Bá Gbẹ

Ẹni tó bá ti ra epo pupa rí ní agbègbè Ko-Koumolou, ní Ifangni tí àwa Yorùbá ń pè ní Ìfọ̀nyìn, yóò ti rí bí àwọn ìyá elépo ṣe ń lo àrọ. Agbada epo á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n ń pè ní bídọ̀n lọ́hùn-ún á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì. Ìyá á fi igbá bu epo, á rọra dà á sẹ́nu àrọ, á dúró kí ó fà wọlé, á tún bu òmíràn. Bó bá kánjú, epo á kún ẹnu àrọ, á ṣàn dànù. Bó bá sì fa àrọ yọ ní kété tí ẹnu rẹ̀ gbẹ, èyí tó kù ní ọrùn àrọ á kán sára bídọ̀n, á kán sílẹ̀. Ìyá tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í fa àrọ yọ títí ẹ̀kán tó kẹ́yìn á fi bọ́.

Ọ̀rọ̀ àrọ yìí náà ni mo fẹ́ bá yín sọ, àmọ́ inú kọ̀ǹpútà ni mo ti fẹ́ sọ ọ́. Ètò kékeré kan wà nínú kọ̀ǹpútà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa bu ọ̀rọ̀ nínú agbada ńlá, kí ó máa dà á sínú àrọ kékeré, kí àrọ náà sì máa kán an sínú wáyà. Dírafà ojú-ihò síríàlì ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó bá kọ irú ètò bẹ́ẹ̀ máa ń gbé e fún ẹlòmíràn kí ó bá a yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó gbà á wọlé. Iṣẹ́ àyẹ̀wò yìí ni mo fẹ́ ṣàlàyé, pàápàá apá tó kan fífi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, nítorí òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fojú kéré. Wọ́n á ní gbígba ọ̀rọ̀ ló le, pé o kò mọ ìgbà tí àlejò á kan ìlẹ̀kùn. Ní ti fífi ránṣẹ́, ṣebí ìwọ fúnra rẹ lo mọ ìgbà tí o fẹ́ sọ̀rọ̀. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Nídìí fífi ránṣẹ́ ni dírafà ti ń purọ́ jù, irọ́ rẹ̀ sì máa ń jọ òtítọ́.

Ojú-ihò síríàlì ti pẹ́ láyé. Ọdún 1960 ni ẹgbẹ́ EIA ní Amẹ́ríkà gbé ìlànà RS-232 jáde, tó sọ bí ẹ̀rọ méjì ṣe máa fi wáyà bára wọn sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù òde òní kò ní ihò onírin mẹ́sàn-án tí wáyà yẹn ń wọ̀ mọ́, ìyẹn ló ń jẹ́ kí àwọn kan rò pé síríàlì ti kú. Kò kú rárá. Ó wà nínú ínfátà sólà, nínú mítà iná, lára pátákó ráútà, nínú ẹ̀rọ tó ń fa omi kànga jáde pẹ̀lú pánẹ́ẹ̀lì. Ẹ tú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wò, ẹ ó rí ibi tí wọ́n kọ TX (ibi ìfiránṣẹ́) àti RX (ibi ìgbàwọlé) sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ọmọ tó ń tún nǹkan ṣe ní Igolo, níbi tí ilẹ̀ Benin ti kọjú sí Ìdí-Ìrókò, lè ra okùn USB kékeré tó ní chip CH340 nínú, kí ó fi láptọ́ọ̀pù rẹ̀ bá ínfátà sọ̀rọ̀. Nígbà tó bá ki okùn náà bọ ihò USB, dírafà síríàlì kan ló jí dìde láti bá a ṣiṣẹ́.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe ń gba inú wáyà kọjá kò ṣòro láti yé ènìyàn. Onídùndún kì í lu ohùn mẹ́ta pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀kan ń tẹ̀lé òmíràn ni, etí ẹni tó gbọ́ èdè ló ń so ó pọ̀ di ọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni síríàlì. Lẹ́tà kan jẹ́ bíìtì mẹ́jọ; wọ́n fi bíìtì kan ṣíwájú rẹ̀ láti kéde pé ó ń bọ̀, wọ́n fi òmíràn kẹ́yìn rẹ̀ láti sọ pé ó ti parí. Ìyẹn jẹ́ bíìtì mẹ́wàá fún lẹ́tà kan. Nítorí náà, bí eré wáyà bá jẹ́ 9600 bíìtì ní ìṣẹ́jú àáyá kan, lẹ́tà 960 ló lè kọjá, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan á sì gba díẹ̀ lé ní ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá. Lójú wa, ìyẹn ò tó ìṣẹ́jú ojú. Lójú kọ̀ǹpútà tó ń ṣe ìṣirò ẹgbàágbèje láàárín àkókò yẹn, ó pẹ́ bí ọjọ́ ọjà márùn-ún. Gbogbo ìṣòro dírafà wá láti inú ìyàtọ̀ eré méjèèjì yìí: ọwọ́ tó ń bu epo yára púpọ̀, ọrùn àrọ tín-ín-rín.

Chip tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà ni wọ́n ń pè ní UART. Nígbà tí IBM gbé kọ̀ǹpútà PC jáde ní 1981, 8250 ti National Semiconductor ni ó lò. Ẹnu àrọ 8250 kò gbà ju lẹ́tà kan ṣoṣo lọ, yàtọ̀ sí èyí tó ti wà lọ́rùn tó ń kán lọ sínú wáyà. Lẹ́yìn náà ni 16550 dé, tí ẹnu àrọ rẹ̀ gba lẹ́tà 16, ṣùgbọ́n àrọ náà lábùkù, kò ṣeé gbọ́kàn lé. 16550A ló wá tún un ṣe. Títí di òní, bí Linux bá bá 16550 àkọ́kọ́ pàdé, bí ẹni pé lẹ́tà kan ni àrọ rẹ̀ gbà ló ṣe ń lò ó. Mo fẹ́ràn ìtàn yìí nítorí ó fi han ẹni tó ń yẹ kóòdù wò pé kò tó kí ó mọ èdè C. Ó gbọ́dọ̀ mọ chip, kí ó sì mọ ibi tí chip náà ti ń ṣàìsàn.

Chip náà ní ojú kékeré kan tí dírafà lè wò nígbàkígbà láti mọ bí nǹkan ṣe ń lọ. Àmì méjì níbẹ̀ ló kàn wá. Èkíní ń jẹ́ THRE: ó ń sọ pé ẹnu àrọ ti gbẹ, ẹ lè tún bu òmíràn wá. Èkejì ń jẹ́ TEMT: ó ń sọ pé ẹnu àrọ ti gbẹ, ọrùn rẹ̀ náà ti gbẹ, kò sí ẹ̀kán kankan tó kù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú ìyàtọ̀ méjì yìí dání. Òun ni mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé.

Kí n tó wọ inú àyẹ̀wò, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo ti ń mú àpẹẹrẹ. Linux ni, nítorí kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba, ẹni tó bá ní íntánẹ́ẹ̀tì ní Ko-Koumolou lè ka ohun kan náà tí ẹni tó wà ní Helsinki ń kà. Síríàlì sì ti wà nínú Linux láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Ní 1991, Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ ní Finland, ń kọ ètò tí á jẹ́ kí kọ̀ǹpútà ilé rẹ̀ gba mọ́dẹ́ẹ̀mù bá kọ̀ǹpútà yunifásítì sọ̀rọ̀. Inú ètò yẹn ni Linux ti dàgbà. Nínú ẹ̀dà 0.01 tó jáde ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, fáìlì kan wà tó ń jẹ́ rs_io.s, tó ń da lẹ́tà sínú 8250. Torvalds kọ síbẹ̀ pé bí ohun tó kù nínú agbada bá ti dín sí 256, kí wọ́n lọ jí ètò tó ń kọ̀wé kí ó wá bu òmíràn. Theodore Ts'o tọ́jú dírafà yìí fún ọdún púpọ̀, Russell King tún gbogbo ìpìlẹ̀ rẹ̀ tò, Greg Kroah-Hartman àti Jiri Slaby ló ń bójú tó o báyìí. Ọ̀pọ̀ ọwọ́ ti kọjá lórí rẹ̀. Nọ́ńbà tó ń sọ ìgbà tí wọ́n á jí òǹkọ̀wé ṣì jẹ́ 256.

Dírafà kì í dá gbogbo iṣẹ́ ṣe. Ìpìlẹ̀ kan wà lókè rẹ̀ tó ń jẹ́ serial core, òun ló ni agbada. Bí ètò kan bá fẹ́ sọ̀rọ̀, yóò da ọ̀rọ̀ sínú agbada, serial core á sì pe dírafà pẹ̀lú orúkọ start_tx: "Epo ti wà níbí o, bẹ̀rẹ̀ sí í dà á." Dírafà á sọ fún chip pé kí ó máa lu agogo nígbàkígbà tí ẹnu àrọ bá gbẹ. Agogo yìí ni àwọn oníṣẹ́ ń pè ní interrupt. Bó bá ti dún, dírafà á sáré wá, á bu ìwọ̀n tí àrọ gbà, á dà á, á sì padà síbi iṣẹ́ mìíràn. Bí agbada bá tán, á sọ fún chip pé kí ó pa agogo. Bí ẹnìkan bá bèèrè pé "Ṣé gbogbo rẹ̀ ti lọ?", iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ tx_empty ló máa dáhùn.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò láti start_tx, bí ọ̀rọ̀ ṣe ń ṣàn. Ní tèmi, tx_empty ni mo gbà yín níyànjú láti kọ́kọ́ kà. Kì í sábà ju ìlà mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ, ìdí nìyẹn tí ojú fi máa ń fò ó. Ìwé ìlànà Linux sọ ọ́ kedere: ó gbọ́dọ̀ sọ bóyá ẹnu àrọ àti ọrùn rẹ̀ ti gbẹ. Ẹ wò ó dáadáa: TEMT ni dírafà ń wò níbẹ̀, àbí THRE? Bó bá jẹ́ THRE, irọ́ ni ìdáhùn rẹ̀. Mo ti rí i tí kóòdù kan kò tilẹ̀ wo nǹkankan, tó kàn ń dáhùn "bẹ́ẹ̀ ni, ó ti tán" ní gbogbo ìgbà. Ìlànà fàyè gba ìyẹn bó bá jẹ́ pé chip náà kò ní ọ̀nà kankan láti mọ̀. Bí chip bá ní ọ̀nà, tí ẹni tó kọ ọ́ kò kàn fẹ́ ka ìwé chip, ẹ dá a padà fún un.

Ìdí tí mo fi le koko báyìí ni pé àwọn mìíràn ń gbé ẹrù lé ìdáhùn yẹn. Ètò tó bá pe tcdrain ń sọ pé, "Mo dúró níbí títí ẹ̀kán tó kẹ́yìn á fi bọ́." Serial core á máa bi dírafà léraléra, ọ̀rọ̀ ẹnu tx_empty ni yóò sì gbà gbọ́. Lẹ́yìn náà ni ètò náà á yí eré wáyà padà láti 9600 sí 115200, tàbí kí ó pa ẹ̀rọ, tàbí kí ó ti ihò náà. Bí lẹ́tà bá ṣì wà lọ́rùn àrọ nígbà tí eré yí padà, ìdajì rẹ̀ á lọ ní eré kan, ìdajì á lọ ní eré mìíràn. Ẹni tó ń gbà á lódìkejì á rí ọ̀rọ̀ tí kò sí nínú èdè kankan, yóò sì máa dá wáyà lẹ́bi.

Lẹ́yìn èyí, ẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń dà á. Ìbéèrè àkọ́kọ́ níbẹ̀ ni: kí ló ń dá ọwọ́ tó ń dà á dúró? Ó yẹ kí ó jẹ́ ìwọ̀n àrọ. Bí ẹ bá rí dírafà tó ń dà á títí agbada fi gbẹ, tó ń dúró ti THRE láàárín lẹ́tà kan sí èkejì, ẹ pè é lẹ́jọ́. Ó ti di àgádágodo mú nígbà náà, ìyẹn ohun tí kì í jẹ́ kí ọwọ́ méjì kan àrọ lẹ́ẹ̀kan, ó ti pa agogo gbogbo ẹ̀rọ mìíràn lórí ọpọlọ kọ̀ǹpútà tó ń lò, ó jókòó ti àrọ ó ń wo bó ṣe ń kán. Ní 115200, lẹ́tà 16 á lọ láàárín díẹ̀ lé ní ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá, ẹni tó kọ ọ́ lè má mọ̀ pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀. Ní 300, lẹ́tà 16 kan náà á gba ju ìdajì ìṣẹ́jú àáyá lọ. Ìdajì ìṣẹ́jú àáyá tí ọpọlọ náà kò gbọ́ igbe ẹnikẹ́ni! Ibì kan ṣoṣo tí mo lè gbà á láàyè ni ibi tí kernel, ìyẹn ọkàn Linux fúnra rẹ̀, ti ń kígbe ikú, nígbà tí gbogbo nǹkan ti bàjẹ́ tó sì fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn sójú síríàlì kí á lè mọ ohun tó pa á.

Nígbà tí ẹ bá wà níbẹ̀, ẹ wo bó ṣe ń yíká agbada. Ọjọ́ pípẹ́ ni agbada yìí fi jẹ́ òrùka: bí a bá dé òpin, a padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Kóòdù tó gbàgbé láti padà á máa ka ilẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀. Ní 2024, Jiri Slaby yí gbogbo dírafà kúrò lórí òrùka àfọwọ́kọ yẹn sórí kfifo, tí kernel fúnra rẹ̀ ń tọ́jú. Ṣáájú ìyẹn ni ó ti ṣe irinṣẹ́ uart_port_tx tó ń da epo lọ́nà tó tọ́ fún ẹni yòówù tó bá pè é. Nítorí náà, bí dírafà tuntun bá dé lónìí pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀ tó fi ń bu ọ̀rọ̀, ẹ bi ẹni tó kọ ọ́ léèrè ìdí. Ó lè ní ìdí tó dára. Kí ó sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ agogo ló tún kù, òun ló sì ń gba àkókò jù. Àṣìṣe méjì ló wà níbẹ̀ tí wọ́n dojú kọra wọn. Bí agbada bá ti tán tí dírafà kò pa agogo, chip á máa lù ú ṣáá pé àrọ ti gbẹ, àrọ ti gbẹ. Kọ̀ǹpútà á máa sáré lọ, á máa sáré bọ̀ lọ́wọ́ òfo. Ìyẹn máa ń hàn, nítorí ẹ̀rọ á gbóná, iṣẹ́ á sì falẹ̀. Èyí tó burú ni òdìkejì rẹ̀: dírafà pa agogo, ọ̀rọ̀ tuntun wọ inú agbada, kò sì sí ẹni tó tún un tan. Ọ̀rọ̀ náà á jókòó síbẹ̀. Kò sí àṣìṣe tí ẹnikẹ́ni rí, kò sí igbe. Nígbà tí ẹnìkan bá tún kọ nǹkan mìíràn lẹ́yìn wákàtí kan, ti tẹ́lẹ̀ àti ti ìsinsìnyí á jọ tú jáde. Bí ẹ bá gbọ́ kí oníbàárà máa sọ pé "ó máa ń há nígbà mìíràn, tí mo bá tún un tẹ̀ á lọ", ibẹ̀ ni kí ẹ lọ wò.

Ohun tó ń fa ìhámọ́ yẹn ni pé ọwọ́ méjì lè wà nídìí àrọ kan. Kọ̀ǹpútà òde òní ní ọpọlọ tó ju ẹyọ kan lọ: bí ọ̀kan ṣe ń pe start_tx, agogo lè dún lọ́dọ̀ èkejì. Ìdí nìyí tí ojú-ihò kọ̀ọ̀kan fi ní àgádágodo tirẹ̀. Serial core á ti tì í kí ó tó pe start_tx. Ẹni tó ń jẹ́ agogo náà gbọ́dọ̀ tì í kí ó tó fọwọ́ kan àrọ. Ẹ tọpa rẹ̀ ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Níbo ni wọ́n ti tì í, níbo ni wọ́n ti ṣí i, ṣé ọ̀nà kan wà tí wọ́n lè gbà jáde láìṣí i? Ẹ tún wò ó bóyá ohun kan wà láàárín tó lè mú un sùn, bíi kí ó máa dúró de ìrántí tuntun láti ọ̀dọ̀ kernel. Ẹni tó di àgádágodo yìí mú kò gbọ́dọ̀ sùn, nítorí àwọn tó kù ń pòyì lẹ́nu ọ̀nà dè é.

Chip mìíràn sì wà tí ọwọ́ rẹ̀ kì í mọ́. Àwọn kan wà tí, bí o bá tan agogo nígbà tí àrọ ti gbẹ tẹ́lẹ̀, wọn kò ní lù ú. Wọ́n ń retí kí àrọ kún kí ó tó tún gbẹ. Linux ní orúkọ fún àìsàn yìí nínú dírafà 8250, UART_BUG_TXEN, ìwòsàn rẹ̀ sì ni pé kí dírafà fúnra rẹ̀ da ìwọ̀n àkọ́kọ́ láìdúró de agogo. Ẹni tó bá rí irú kóòdù bẹ́ẹ̀ tó sì pa á rẹ́ nítorí pé "kò wúlò" ti pa ẹ̀rọ ẹlòmíràn tí kò rí rí.

Lẹ́tà kan wà tó máa ń fò kọjá gbogbo ìlà: x_char, èyí tó ń sọ fún ẹni òdìkejì pé kí ó dúró díẹ̀ tàbí kí ó máa bọ̀. Ẹ rí i dájú pé òun ló ń kọ́kọ́ lọ. Ẹ tún wò ó bóyá dírafà ń ka iye lẹ́tà tó rán. Ní 2022, Ilpo Järvinen rí i pé dírafà síríàlì ti chip Tegra kò ka àwọn kan, ó sì tún un ṣe. Ìyẹn ti tó lórí èyí.

Mo fẹ́ padà sí ọrùn àrọ, nítorí níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti kan oko àti kànga. Ìlànà kan wà tó ń jẹ́ RS-485, tí wáyà méjì péré ti ń so ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ pọ̀. Ẹnìkan ṣoṣo ló lè sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ á di wáyà mú, á sọ̀rọ̀ tán, á jọ̀wọ́ rẹ̀ kí ẹlòmíràn lè dáhùn. Ẹ jẹ́ kí á fojú inú wo kọ̀ǹpútà kékeré kan nídìí kànga sólà ní Ko-Koumolou, tó ń bèèrè lọ́wọ́ mítà iye iná tó ti wọlé. Èdè Modbus, tí ilé-iṣẹ́ Modicon gbé jáde ní 1979, ni ọ̀pọ̀ irú mítà bẹ́ẹ̀ ń sọ. Ìbéèrè náà jẹ́ báìtì mẹ́jọ péré (báìtì kan ni lẹ́tà kan), méjì tó kẹ́yìn sì jẹ́ iye àyẹ̀wò tí mítà á fi mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ náà dé pérépéré.

Àrọ 16550A gba 16, nítorí náà dírafà á da mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n á máa kán lọ. Nígbà tí báìtì kẹjọ bá kúrò lẹ́nu àrọ wọ ọrùn rẹ̀, THRE á tàn, agogo á dún: ẹnu àrọ ti gbẹ! Dírafà tí wọn kò yẹ̀ wò dáadáa á wo agbada, á rí i pé ó tán, á jọ̀wọ́ wáyà. Báìtì kẹjọ ṣì wà lọ́rùn. Ní 9600, ó ṣì nílò odindi ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá kí ó tó jáde, ṣùgbọ́n wọ́n ti gé wáyà mọ́ ọn lẹ́nu. Mítà á gba báìtì méje àti àfọ́kù ọ̀kan, iye àyẹ̀wò kò ní bára mu, ìlànà Modbus sì ní kí ó dákẹ́ bó bá rí bẹ́ẹ̀. Ó dákẹ́. Ẹni tó ń ṣe àtúnṣe á pààrọ̀ wáyà, á pààrọ̀ mítà, á gun òrùlé lọ wo pánẹ́ẹ̀lì. Owó ti lọ. Àmì kan ṣoṣo nínú kóòdù ni àìsàn náà wà.

Dírafà 8250 inú Linux ti gbà pé TEMT ni a gbọ́dọ̀ dúró dè kí á tó jọ̀wọ́ wáyà RS-485, wọ́n tilẹ̀ kọ àlàyé sí etí kóòdù náà kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn má bàa gbàgbé. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé 8250 kì í lu agogo fún TEMT, fún THRE nìkan ni. Kí ni dírafà á ṣe? Bó bá jókòó tì í, ó ti padà sínú ẹ̀ṣẹ̀ tí mo sọ ṣáájú. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n fi aago kan síbẹ̀ tí á dúró fún ìwọ̀n àkókò tí lẹ́tà kan fi ń kúrò lọ́rùn àrọ, kí ó tó jí dírafà láti jọ̀wọ́ wáyà. Bó bá sì pẹ́ jù kí ó tó jọ̀wọ́, mítà á ti bẹ̀rẹ̀ ìdáhùn, ohùn méjì á kọlu ara wọn lórí wáyà. Ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò gbọ́dọ̀ ṣírò èyí pẹ̀lú ìwé àti bírò, ní eré kọ̀ọ̀kan tí ẹ̀rọ náà lè lò.

Kíkà nìkan kò tó. Ẹ fi wáyà kékeré kan so irin kejì mọ́ ìkẹta lára ihò onírin mẹ́sàn-án, tàbí kí ẹ so TX mọ́ RX lára okùn USB, kí ohun tí ẹ bá rán lè padà sọ́dọ̀ yín. Ẹ rán fáìlì kan, ẹ gbà á padà, ẹ fi wéra. Ẹ kọ́kọ́ ṣe é ní 115200, kí ẹ tún wá ṣe é ní 300. Ìgbà kejì yìí ló ń tú àṣírí, nítorí ohun tó sá pamọ́ sínú ìdá kékeré ìṣẹ́jú àáyá á nà tàntàn síwájú yín. Ẹ jẹ́ kí ètò náà kọ̀wé tán, kí ó pe tcdrain, kí ó yí eré padà lójú ẹsẹ̀. Bí lẹ́tà ìkẹyìn bá bàjẹ́, ẹ ti mọ iṣẹ́ tí ẹ máa tún kà.

Ó ku bí a ṣe ń sọ ohun tí a rí. Nínú Linux, ẹni tó bá yẹ kóòdù wò tó sì tẹ́ ẹ lọ́rùn á kọ Reviewed-by pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ sídìí rẹ̀, orúkọ náà á sì wà níbẹ̀ títí láé. Ẹ̀rí ni, kì í ṣe ìkíni. Mo mọ̀ pé láàárín wa, ó máa ń nira fún ọmọdé láti sọ fún àgbà pé ìlà kan kò tọ́. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kí ló máa ṣẹlẹ̀ bí agogo bá dún láàárín ìlà kejì àti ìkẹta yìí?" kò tàbùkù ẹnikẹ́ni, ó sì fi ìka kan ibi tó ń dùn gan-an. Àgbà náà, kí ó má ṣe ka ìbéèrè sí àfojúdi. Èyí tó burú ni kí ọmọdé rí i, kí ó dákẹ́ nítorí ọ̀wọ̀, kí ẹ̀rọ omi abúlé kan sì dákẹ́ pẹ̀lú rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Ìfọ̀nyìn, Àjàṣẹ́ àti Ìdí-Ìrókò tí ẹ ti ń kọ kóòdù, àwọn fáìlì tí mo ń sọ̀rọ̀ wọn wà nínú drivers/tty/serial láàárín kóòdù Linux, kò sí ẹni tó máa gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín kí ẹ tó kà wọ́n. Ẹ mú dírafà kan ṣoṣo. Ẹ wá tx_empty níbẹ̀, kí ẹ wò ó bóyá ọrùn àrọ ni ó ń wò tàbí ẹnu rẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹnu rẹ̀ ló ń wò, tí chip náà sì ní ọ̀nà láti mọ ti ọrùn, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀.